Ṣé fíìmù tuntun lè ba ti àtijọ́ jẹ́? Ìdáhùn fún òǹkàwé kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá ẹjọ́ kan. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe níbí ní Ìkẹ́rẹ́ ni èmi, àbúrò mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wa ti ń wo Star Wars, fíìmù Amẹ́ríkà tó dá lórí ogun ojú sánmà, lálẹ́. A ti wo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tán báyìí. Láti ọjọ́ tí a ti wo èyí tó jáde ní 2017 ni ìjà ti wọ àárín wa. Àbúrò mi ní wọ́n ti ba Luke Skywalker, akọni ìtàn náà, jẹ́, pé òun ò ka àwọn tuntun yẹn mọ́ ìtàn náà rárá. Èmi ní ẹni tó ni nǹkan ló láṣẹ lórí rẹ̀. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tún ní ọmọ ọdún 10 kan tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Èkìtì ni wá. Ilẹ̀ tó bí ọ̀jọ̀gbọ́n tó báyìí, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ wo fíìmù níbẹ̀ kí wọ́n má jiyàn? Ẹjọ́ yín kò le. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tìrẹ ló yá láti fi hàn, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

O ní ẹni tó ni nǹkan ló láṣẹ. Ó dáa. George Lucas ló dá ìtàn náà sílẹ̀, tó gbé àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Karùn-ún 1977. Ní 2012 ó ta ilé iṣẹ́ rẹ̀, Lucasfilm, fún Disney ní ohun tó lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 4 dọ́là. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2014, ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ìwé ìtàn tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò sí lára ìtàn gan-an mọ́. Wọ́n sọ wọ́n ní Legends, wọ́n sì kó wọn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ti ń fowó ara rẹ̀ ra àwọn ìwé yẹn láti 1991, tó ti mọ ìyàwó tí Luke fẹ́ nínú wọn, tó mọ ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀, ṣàdédé gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ìgbéyàwó yẹn kò wáyé. Ní ti òfin, wọ́n láṣẹ bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ wọn ni ìwé ìní wà. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n rí tó tìtorí ìkéde gbàgbé ìyàwó yẹn?

Ìkẹ́rẹ́ lo wà, kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á fún ọ. Ẹnu méjì ni ìtàn ìtẹ̀dó ìlú yín ní, ti Ògògà àti ti Olúkẹ́rẹ́. Ìjọba lè pinnu ẹni tí wọ́n máa gbé ọ̀pá àṣẹ fún, àmọ́ ìtàn tí ìyá àgbà ń pa fún ọmọ ọmọ rẹ̀ kò sí lábẹ́ ìjọba kankan. (Mi ò dá sí tiyín o. Mo ṣì fẹ́ máa jẹ iyán ní Ìkẹ́rẹ́ ní àlàáfíà.) Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Disney ṣe ní ìtàn yìí lórí ìwé, tí àbúrò rẹ sì ní in nínú orí ara rẹ̀. Bí ó bá ní òun ò kà á, ọlọ́pàá kankan kò ní wá mú un.

Lucas fúnra rẹ̀ ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní oṣù Kẹta 1988 ó lọ síwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà láti tako àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi àwọ̀ kun fíìmù dúdú-òun-funfun àtijọ́. Ohun tó ń bá wọn sọ ni pé iṣẹ́ ọnà tó ti di ara ogún orílẹ̀-èdè, kò yẹ kí ẹni tó ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ máa yí i bó ṣe wù ú. Ó sọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àfi bí ó ṣe di 1997 tí òun náà kó mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde padà, tó ti tún wọn ṣe.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Nínú ti 1977, Han Solo, awakọ̀ òfuurufú tó wá di ọ̀rẹ́ Luke, jókòó nílé ọtí, Greedo jókòó kọjú sí i, ó na ìbọn sí i, gbèsè ló bá wá. Han ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń fi ọwọ́ kan ha ara ògiri, ọwọ́ kejì ń fa ìbọn yọ lábẹ́ tábìlì. Ó yìn ín. Greedo dojú bolẹ̀, Han dìde, ó ju owó sí ọlọ́tí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú yẹn la mọ irú èèyàn tó jẹ́: kì í dúró kí wọ́n tó kọ́kọ́ yìnbọn. Nínú ti 1997, wọ́n sọ ọ́ di pé Greedo ló kọ́kọ́ yìn, tó sì tàsé, láti òdìkejì tábìlì tí afọ́jú pàápàá kò lè tàsé. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n tún tún un ṣe, títí dé 2019. Èyí tí wọ́n ti tún ṣe yìí ni wọ́n ń tà káàkiri, ó sì dá mi lójú pé òun lẹ wò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Lójú tèmi, ibí yìí ni tuntun ti ba àtijọ́ jẹ́ ní tòótọ́, nítorí wọ́n ki ọwọ́ bọ inú nǹkan àtijọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbé ojúlówó pamọ́. Ẹni tó ni nǹkan ló sì ṣe é, kì í ṣe àlejò.

Ó kan àbúrò rẹ.

Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé tuntun yí ìtumọ̀ àtijọ́ padà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kó tó bínú, ẹ jọ padà sí ti 1980, èyí tí ẹnu àwọn olólùfẹ́ Star Wars kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lé lórí pé òun ló dùn jù.

Nínú ti 1977, Obi-Wan àti Luke jókòó nínú ahéré. Bàbá àgbàlagbà náà mú idà ìmọ́lẹ̀ jáde láti inú àpótí, ó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní ti bàbá rẹ̀ ni, pé akẹ́kọ̀ọ́ òun kan tó ń jẹ́ Darth Vader ló dalẹ̀ bàbá náà tó sì pa á. Ẹni tó wò ó lọ́dún yẹn kò rí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó dà bíi pé kò tíì sí irọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí Leigh Brackett kọ àkọ́kọ́kọ apá kejì, tó parí rẹ̀ ní oṣù Kejì 1978, ẹ̀mí bàbá Luke yọ sí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni òun, ọ̀tọ̀ ni Vader. Ìyá yẹn kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lucas wá so àwọn méjèèjì pọ̀ di ẹnì kan ṣoṣo.

Ni 1980 bá dé. Vader ti gé ọwọ́ Luke. Ọmọ náà ń fà sẹ́yìn lórí irin tín-ín-rín, kòtò tí kò nísàlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ bàbá olóju-irin náà. Vader na ọwọ́ sí i, ó sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ti gbọ́ báyìí: èmi ni bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ àṣírí débi pé David Prowse tó wà nínú aṣọ dúdú, ohun mìíràn ni wọ́n kọ fún un láti sọ, pé Obi-Wan ló pa bàbá rẹ. James Earl Jones ló wá fi ohùn rẹ̀ sọ ojúlówó sínú rẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ ronú sí ohun tí gbólóhùn kan yẹn ṣe fún fíìmù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Obi-Wan, bàbá rere, di òpùrọ́. Idà tó gbé lé ọmọ lọ́wọ́ di ohun tó fẹ́ kó fi pa bàbá ara rẹ̀. Ní 1983 ẹ̀mí Obi-Wan wá jókòó sórí ìtì igi, ó ní ohun tí òun sọ kì í ṣe irọ́, ibi tí èèyàn bá dúró sí wò ó ni. Àwáwí gbáà! Fíìmù ti 1983 yẹn kan náà ló tún sọ pé àbúrò Luke ni Leia, ọmọ ìbejì rẹ̀, lẹ́yìn tí Leia ti fẹnu ko Luke lẹ́nu níṣojú gbogbo wa ní 1980. Lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò ní àlàyé kankan fún yín.

Bó bá jẹ́ òfin ni pé tuntun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìtumọ̀ àtijọ́, ti 1980 ló yẹ kí àbúrò rẹ kọ́kọ́ kó jù sígbó. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí fíìmù yẹn mú lọ tóbi, ṣùgbọ́n ohun tó fi sílẹ̀ tóbi jù ú lọ. Tẹ́lẹ̀, ọ̀tá kan wà, ọmọkùnrin kan sì ní láti pa á. Láti ìgbà yẹn, bàbá kan wà tó ti ṣìnà, ọmọ rẹ̀ sì ní láti mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Nítorí náà, bí fíìmù tuntun kan bá dé, ohun tí mo máa ń bi í ni pé: kí lo mú lọ, kí lo sì fi sílẹ̀?

Ìwé Fágúnwà tí a kà ní kékeré náà ṣe irú rẹ̀. Ní 1938, nínú Ògbójú Ọdẹ, Àkàrà-ògùn ròyìn bàbá rẹ̀ fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, ọdẹ olóògùn tó yìnbọn pa ìyá rẹ̀, àjẹ́ paraku, tí òun náà sì kú láìpẹ́ sí i. Ní 1949, Igbó Olódùmarè padà sẹ́yìn, ó mú wa lọ bá bàbá náà, Olówó-ayé, nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ẹni tó bá ti ka kejì kò tún lè ka ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn bó ṣe kà á tẹ́lẹ̀. Mi ò tíì pàdé ẹni tó bínú sí i.

Ẹ wá fi ìbéèrè yẹn wọn àwọn yòókù. Ti 1999 mú àwámárìídìí Force, agbára àràmàǹdà inú ìtàn náà, lọ. Agbára tí Yoda, àgbà tó kọ́ Luke níṣẹ́, sọ pé ó wà láàárín ìwọ àti igi àti òkúta, Qui-Gon, ọ̀kan nínú àwọn ajagun inú fíìmù 1999, gba ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kan nítorí rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ohun kan báyìí tó wà nínú rẹ̀ lé ní 20,000, pé ti Yoda pàápàá kò tó bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n fi sílẹ̀ dípò? Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mi ò rí nǹkan mìíràn.

Ti 2017 ló le, òun ló sì dá ìjà yín sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀. Òǹkọ̀wé àti olùdarí rẹ̀ ni Rian Johnson. Ìparí ti 2015 ni Rey, ọmọbìnrin tó jẹ́ akọni àwọn fíìmù tuntun, ti na idà náà sí Luke lórí òkè ní erékùṣù kan, àwọn olólùfẹ́ fi ọdún méjì dúró de ohun tí yóò ṣe. Ó gbà á, ó wò ó, ó sì jù ú sẹ́yìn gba orí èjìká bí ẹni da egungun nù. A wá gbọ́ ìdí rẹ̀: ó ti rí òkùnkùn nínú ọmọ Leia tó ń kọ́ níṣẹ́, ó wọlé tọ̀ ọ́ lóru, ó tan idà sórí rẹ̀ níbi tó sùn sí. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni, ojú sì tì í. Ọmọ náà ti lajú.

Ohun tó mú lọ kò kéré, mi ò ní purọ́ fún àbúrò rẹ. Luke tí a mọ̀ ní 1983 ló ju idà sílẹ̀ níwájú Olú-ọba, tó ní òun ò ní pa bàbá òun kódà bí òun yóò bá kú. Mark Hamill pàápàá, tó ń ṣe Luke láti 1977, sọ ní gbangba pé òun ò fara mọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà. Àwa tí a sì dàgbà nídìí fíìmù China àti ti India, òfin kan la mọ̀: ákítọ̀ kì í kú, kì í sì í ṣìwà hù.

Ṣùgbọ́n ẹ tún òpin rẹ̀ wò, ẹ wolẹ̀ dípò ojú. Iyọ̀ funfun ló bo ilẹ̀ Crait, pupa wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ ń fi ojú pupa sílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ṣá ilẹ̀ lọ́gbẹ́. Kylo Ren, ọmọ Leia yẹn, fa ẹsẹ̀, pupa. Luke yí ẹsẹ̀, funfun ṣì ni. Idà tó mú dání ni èyí tó ti já sí méjì lójú wa ṣáájú ìgbà yẹn. Irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú ju ti erékùṣù lọ. Johnson ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wa kí a tó mọ̀: Luke kò sí níbẹ̀. Ó ṣì wà lórí àpáta rẹ̀ lọ́nà jíjìn réré, ó fi òjìji ara rẹ̀ dá odindi ọmọ ogun dúró kí àwọn tó kù lè sá, kò sì pa ẹyọ ẹnì kan. Ẹni tó ju idà sílẹ̀ ní 1983 nìyẹn, ó padà dé gba ọ̀nà mìíràn. Ó mú Luke lọ, ó sì dá a padà fún wa. Àbúrò rẹ jẹ̀bi níbí. (Ìrìn àjò ilé tẹ́tẹ́ tó wà láàárín rẹ̀, ìyẹn ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Kí ó bínú sí ìyẹn bó ṣe wù ú.)

Ti 2019 ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ jà lé lórí. Vader gbé Olú-ọba Palpatine jù sí kòtò ní 1983, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ibẹ̀ ni ìtàn fíìmù mẹ́fà ti bọ́ sí. Ní 2019 wọ́n ní Palpatine ṣì wà. Báwo? Ajagun kan ní ó ṣáà ti padà wá ni. Rey tí wọ́n sọ fún ní 2017 pé ọmọ ẹni tí kò já mọ́ nǹkan ni, pé àwọn òbí rẹ̀ tà á fún owó ọtí, tún di ọmọ ọmọ Palpatine. Mo mọ̀ pé ọ̀nà wọn kò tẹ́jú: Carrie Fisher tó ń ṣe Leia ti kú ní oṣù Kejìlá 2016, olùdarí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sì ti kúrò nídìí iṣẹ́ náà ní 2017, kí J. J. Abrams tó padà wá gbà á. Síbẹ̀, wọ́n mú nǹkan lọ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì rí ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀.

Ẹ̀sùn kan tún wà tí ẹ̀yin méjèèjì kò mẹ́nu bà, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí tiwa ni. John Boyega, tó ṣe Finn, ọ̀kan nínú àwọn akọni fíìmù tuntun, wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1992 fún òbí ọmọ Nàìjíríà. Adédayọ̀ Bámidélé Adégbóyèga lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìpolówó àkọ́kọ́ jáde ní 2014, ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, òógùn bò ó, ó wọ aṣọ ọmọ ogun funfun nínú aginjù, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ ariwo pé kí ni adúláwọ̀ ń wá níbẹ̀. Wọ́n fi idà ìmọ́lẹ̀ sí i lọ́wọ́ nínú àwòrán ìpolówó. Ní 2019, ká máa sáré ká máa pe Rey ló kù tó ń ṣe. Ó sọ ọ́ síta fún ìwé ìròyìn GQ ní 2020, pé kò yẹ kí wọ́n máa polówó ẹ̀dá aláwọ̀ dúdú bí ẹni tó ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lò ó lọ, kí wọ́n tún wá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ Luke. Níbí, ìlérí tuntun ni wọ́n dà, kì í ṣe ohun àtijọ́ ni wọ́n fọwọ́ kàn. Èmi gbà pé ó jàre wọn.

Kí n tún bi àbúrò rẹ léèrè: ìbínú yìí, ibo ló ti rí i? Ará Amẹ́ríkà tó wo ti 1983 ní kékeré fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún gbé Luke kan nínú orí rẹ̀, pẹ̀lú ohun ìṣeré, pẹ̀lú àwọn ìwé tí wọ́n wá wọ́gi lé. Luke yẹn ló ń jà fún. Ẹ̀yin wo gbogbo rẹ̀ tẹ̀ léra ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fura pé orí fóònù ló ti lọ yá ìbínú náà kó tó wo fíìmù ọ̀hún tán. Àwọn tó sì yá a lọ́wọ́ wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń dá a dúró. Kelly Marie Tran, tó ṣe Rose ní 2017, pa gbogbo ohun tó wà lójú Instagram rẹ̀ rẹ́ ní 2018 nítorí èébú. Ọdún yẹn náà ni Ahmed Best, tó ṣe Jar Jar ní 1999, sọ pé ohun tí wọ́n fi ojú òun rí lẹ́yìn fíìmù yẹn fẹ́ẹ̀rẹ́ mú kí òun gba ẹ̀mí ara òun.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ló kù. Ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà tó wà lára wọn. Nígbà tí àkọ́kọ́ jáde ní 1977, kò ní nọ́ńbà kankan, ọdún 1981 ni wọ́n tó kọ "Episode IV" sí i. Bí ọmọ náà bá ti ti 1999 bẹ̀rẹ̀, yóò ti mọ bàbá Luke kó tó dé ti 1980, ọ̀rọ̀ tí Vader sọ lórí irin yẹn kò sì ní jẹ́ nǹkan kan létí rẹ̀ mọ́. Ti 1977, 1980, 1983 ni kó kọ́kọ́ wò. Rogue One ti 2016, tí kò sí lára mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn, lè tẹ̀ lé e, kó wá padà sí ti 1999 dé 2005, kó tó kan ti 2015. Ẹ má sì sọ fún un pé èyí dára, èyí kò dára. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé ní 2005 tí àgbà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló tún rọ́ lọ sí síníma ní 2025, nígbà tí fíìmù ọdún yẹn padà fún ogún ọdún rẹ̀.

Bí ẹ bá mọ ẹni tó ní DVD tí wọ́n ṣe ní 2006, ẹ yá a. Fíìmù mẹ́ta àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ láìsí àtúnṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti òde òní, Han ló sì yìnbọn níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ti 1980 han ọmọ náà, ẹ rí i pé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì mú àbúrò rẹ jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí kò ti ní lè fẹnu sọ ọ́ ṣáájú Vader.